Ẹ Má Fi Oyún Pamọ́ fún Ẹni Tó Ń Fún Yín Lóògùn

Nílẹ̀ Yorùbá, oyún tí kò tíì yọ kì í ṣe ohun tí à ń kéde. Ọkọ lè mọ̀, ìyá ẹni lè mọ̀, bóyá pásítọ̀ tàbí àlùfáà. Àwọn tó kù á rí i nígbà tó bá yọ. Ayé lójú, ẹnu èèyàn sì pọ̀. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí èyí. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé obìnrin tó ń fi oyún pamọ́ fún aládùúgbò ló tún ń fi pamọ́ fún olóògùn. Ó dé kẹ́míìsì nírọ̀lẹ́, ó ní orí ń fọ́ òun, ara ń ro òun, oúnjẹ ò sì lọ lẹ́nu òun. Olùtajà ò béèrè, òun náà ò sọ. Wọ́n di oògùn fún un, ó sanwó, ó délé, ó gbé e mì.

Àkókò tí à ń fi oyún pamọ́ yìí gan-an sì ni àkókò tí oògùn lè ṣe ọmọ inú ní jàǹbá jù lọ. Ní nǹkan bí ọjọ́ 22 lẹ́yìn tí oyún bá dúró, ọkàn ọmọ ti ń lù. Tó bá fi máa tó ọjọ́ 28, ihò tó máa di ọpọlọ àti mùdùnmúdùn ògóóró ẹ̀yìn ti pa dé. Ọ̀pọ̀ obìnrin ṣì ń ka ọjọ́ lórí ìka nígbà náà, wọ́n ń sọ pé bóyá nǹkan oṣù kàn fà sẹ́yìn ni. Láàárín ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkẹjọ, apá, ẹsẹ̀, ojú, etí àti àwọn ẹ̀yà inú ti ń gba ìrísí wọn. Tí ìyàwó bá fi máa ní ìgboyà láti sọ fún ìyá ọkọ, iṣẹ́ mímọ ọmọ náà ti lọ jìnnà.

Orílẹ̀-èdè Jámánì ni wọ́n ti rí àpẹẹrẹ tó burú jù. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1957, ilé-iṣẹ́ Chemie Grünenthal gbé oògùn oorun kan jáde tí wọ́n pè ní Contergan. Thalidomide ni èròjà inú rẹ̀. Èèyàn ò nílò ìwé dókítà kó tó rà á, wọ́n sì ń polówó rẹ̀ pé kò léwu. Àwọn aláboyún rí i pé ó ń dá èébì òwúrọ̀ dúró, ni wọ́n bá gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Lọ́dún 1958 ó dé Bírítéènì pẹ̀lú orúkọ Distaval, ó sì tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bí àwọn ọmọ tí ọwọ́ wọn lẹ̀ mọ́ èjìká, àwọn tí kò ní ẹsẹ̀ tó gùn, àwọn tí kò ní etí. Ìparí ọdún 1961 ni Widukind Lenz ní Hamburg àti William McBride ní Sydney, tí ẹnì kan ò gbọ́ ti ẹnì kejì, tọ́ka sí oògùn náà. Wọ́n kó o kúrò lórí àtẹ. Iye ọmọ tó ti ṣe ní jàǹbá ju 10,000 lọ.

Láàárín ọjọ́ 20 sí ọjọ́ 36 péré lẹ́yìn tí oyún bá dúró ni oògùn yìí máa ń ṣọṣẹ́ jù. Hóró kan ṣoṣo láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn lè ba ti ọmọ jẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ọmọ tó fara gbá a kò tó nǹkan, nítorí pé Dókítà Frances Kelsey, tó ń ṣiṣẹ́ ní FDA, ilé-iṣẹ́ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn níbẹ̀, kọ̀ láti fọwọ́ sí i. Ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ tà á ń da ìwé bò ó, wọ́n ń bínú, wọ́n ń lọ bá àwọn ọ̀gá rẹ̀. Ìbéèrè kan náà ló ń bi wọ́n: ẹ̀rí dà? Lọ́dún 1962 ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin tuntun lórí oògùn nítorí ọ̀rọ̀ náà. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá na oògùn sí yín tó ní "kò ní wàhálà kankan", ẹ bi í bí obìnrin yẹn ṣe béèrè. Inú lè bí i. Ẹ jẹ́ kó bí i.

Mo fẹ́ tètè fi ọ̀rọ̀ kan síbí, kí ẹni tó ń ka ìwé yìí má bàa máa gbọ̀n. Nínú ọmọ 100 tí wọ́n bí, nǹkan bí 3 ló máa ń ní àbùkù ara kan tàbí òmíràn, yálà ìyá wọn lo oògùn tàbí kò lò ó. Àwọn oògùn tí wọ́n ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé wọ́n ń sọ ọmọ inú di alábùkù kò pọ̀ bí àwọn èèyàn ṣe rò. Obìnrin tó ti lo oògùn kan kó tó mọ̀ pé òun lóyún, kó má ṣe sáré lọ ṣẹ́ ẹ, bí àwọn kan ṣe ń ṣe. Kó mú orúkọ oògùn náà, iye tó lò àti ọjọ́ tó lò ó lọ bá dókítà. Ìdáhùn tó máa rí gbà lọ́pọ̀ ìgbà ni pé kó fọkàn balẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibo ló ti máa rí orúkọ oògùn? Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń dì í ní àdúgbò. Olùtajà á fa àpótí sí iwájú, á mú àlùmọ́gàjí, á gé méjì lára páálí kan, mẹ́ta lára òmíràn. Á bu hóró kéékèèké aláwọ̀ yẹ́lò látinú ike ńlá kan tí lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ti parẹ́. Á fi kápúsù kan sí i. Á da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ọ̀rá kékeré tàbí bébà tí ó ya lára ìwé ọmọ ilé-ìwé, á ká a bí ẹni ń di ata gígún. "Ẹ lo ìdì kan láàárọ̀, ìdì kan lálẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ." Orúkọ ò sí, ọjọ́ tí oògùn máa bàjẹ́ ò sí, ìwọ̀n ò sí. Bí ara obìnrin náà bá yí padà lóru, tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, ohun tó lè sọ fún dókítà kò ju "ó funfun, ó sì kéré" lọ.

Nínú irú ìdì bẹ́ẹ̀, ohun tí mo máa kọ́kọ́ fura sí ni oògùn ara ríro: diclofenac, ibuprofen, piroxicam, àti àwọn ẹbí wọn. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ wọ́n, kò sì sẹ́ni tó ń bẹ̀rù wọn. Lóṣù kẹwàá ọdún 2020, FDA kìlọ̀ pé kí aláboyún yẹra fún wọn láti bí ọ̀sẹ̀ 20 lọ. Ìdí rẹ̀ nìyí: nígbà tí oyún bá ti dàgbà dé ibẹ̀, ìtọ̀ ọmọ fúnra rẹ̀ ló pọ̀ jù nínú omi tó yí i ká nínú ilé ọmọ. Oògùn wọ̀nyí lè mú kí kíndìnrín ọmọ dẹ́kun iṣẹ́, kí omi náà sì gbẹ. Tó bá di ọ̀sẹ̀ 30 sókè, ewu mìíràn tún wà. Iṣan ẹ̀jẹ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkàn ọmọ tó gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí títí wọ́n á fi bí i. Oògùn ara ríro lè pa á dé láìtọ́jọ́. Paracetamol ni kí aláboyún fi wá ìtura, ní ìwọ̀n tó wà lára páálí, kó má sì ju ọjọ́ tó yẹ lọ, nítorí pé àjùlò rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Aspirin kékeré tí dókítà fúnra rẹ̀ kọ fún obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè ru nínú oyún kò sí lára ohun tí mò ń bá wí. Ẹni tí wọ́n bá kọ ìyẹn fún, kó máa lò ó.

Diclofenac kan tún wà tí wọ́n pa pọ̀ mọ́ misoprostol kí ó má bàa dá ọgbẹ́ sí inú àgbàlagbà tí oríkèé ń dùn. Misoprostol yìí ni àwọn oníṣègùn ń lò láti mú ilé ọmọ súnkì. Olùtajà tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín páálí méjèèjì lè fi oògùn ẹ̀yìn dídùn ba oyún jẹ́ láìmọ̀ rárá.

Ti tetracycline tiẹ̀ hàn sí gbangba. Bí ìyá bá lò ó láti oṣù kẹrin lọ, ó máa ń wọ inú egungun àti eyín tó ń hù lábẹ́ èrìgì ọmọ. Ọmọ náà á dàgbà, eyín á yọ, á pọ́n bí ìgbà tí irin bá dípẹtà, kò sì sí ọṣẹ ìfọyín tó lè fọ̀ ọ́ kúrò. Abẹ́rẹ́ streptomycin lè ba etí ọmọ inú jẹ́. Oògùn irorẹ́ tí wọ́n ń pè ní isotretinoin burú débi pé dókítà tó mọṣẹ́ kì í kọ ọ́ fún obìnrin láìjẹ́ pé ó dá a lójú pé kò lóyún, kò sì ní lóyún nígbà tó bá ń lò ó. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin wa ń rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì nítorí ẹwà ojú.

Ọ̀rọ̀ ibà wá le ju gbogbo èyí lọ, nítorí pé ibà fúnra rẹ̀ ń pa aláboyún. Ó ń fa àìtó ẹ̀jẹ̀, ó ń mú kí oyún wálẹ̀, ó ń mú kí ọmọ kéré nínú. Ẹni tó bá ní nítorí oyún òun ò ní lo oògùn ibà, inú ewu ló kó ara rẹ̀ sí. Tẹ́lẹ̀, kuinín pẹ̀lú clindamycin ni wọ́n ń fún aláboyún tí oyún rẹ̀ kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ. Lóṣù kọkànlá ọdún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí artemether pẹ̀lú lumefantrine fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ náà. Láti oṣù kẹrin, oògùn ìdènà tí àwọn èèyàn wa mọ̀ sí Fansidar ni wọ́n ń fún wọn ní ilé ìwòsàn, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó bímọ, pẹ̀lú àlàfo oṣù kan ó kéré tán láàárín ìlò kan sí èkejì. Ẹni tí ara rẹ̀ kọ oògùn onísọ́fà ò gbọ́dọ̀ lò ó. Ẹni tó ní kòkòrò HIV tó sì ń lo Septrin lójoojúmọ́ ò nílò rẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ pa méjèèjì pọ̀.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí àwọn nọ́ọ̀sì pàápàá máa ń gbójú fò. Folic acid, hóró yẹ́lò kékeré yẹn tí aláboyún ń lò kí ẹ̀jẹ̀ lè pọ̀, kí ògóóró ẹ̀yìn ọmọ sì lè pa dé dáadáa, oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan jẹ́ 0.4 mg, èkejì jẹ́ 5 mg. Oní-5 mg ló wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Bí ẹ bá lò ó pọ̀ mọ́ Fansidar, á sọ Fansidar di aláìlágbára, nítorí pé ọ̀nà folic acid náà ni Fansidar ń gbà pa kòkòrò ibà. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fún yín ní Fansidar, ẹ fi páálí folic acid yín han nọ́ọ̀sì, kí ẹ sì bi í bóyá kí ẹ dá a dúró fún ìgbà díẹ̀. Kì í ṣe àfojúdi.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń sọ nínú ara wọn pé, "Èmi ò kúkú ń lo oògùn òyìnbó, àgbo ni mò ń mu." Ara èèpo igi ni wọ́n ti rí kuinín. Ara ewé Artemisia ni Tu Youyou ará Ṣáínà ti rí oògùn ibà tí gbogbo ayé ń lò báyìí, òun ni wọ́n sì torí rẹ̀ fún un ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2015. Bí ewé bá lè pa kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà, báwo la ṣe wá gbà pé kò lè ṣe ohunkóhun sí ọmọ tí kò tíì tó ìka ọwọ́? Baba àti ìyá wa tó mọ ewé dunjú ní ewé tí wọn kì í fún aláboyún. Aláàgbo òde òní tó ń gbé ìgò káàkiri gáréèjì kì í béèrè oṣù oyún kó tó bù fún oníbàárà. Àgbo tí wọ́n fi ògógóró rẹ, ọtí ni. Kò sì sí ìwọ̀n ọtí kan tí wọ́n mọ̀ pé ó dára fún ọmọ inú. Amọ̀ gbígbẹ tí aláboyún ń jẹ lẹ́nu, èyí tí àwọn Ígbò ń pè ní nzu, ní òjé nínú. Ilé-iṣẹ́ tó ń mójú tó oúnjẹ ní Bírítéènì ti kìlọ̀ rẹ̀ fún àwọn èèyàn wa tó ń rà á ní ọjà àwọn ọmọ Áfíríkà níbẹ̀. Bákan náà ni ìpara ìbóra tó ní mẹ́kúrì: ó ń gba ara ìyá wọ inú ẹ̀jẹ̀, láti inú ẹ̀jẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ọmọ.

Ní báyìí, mo fẹ́ kọjú sí ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ yìí, níbi tí mo rò pé à ń pàdánù ẹ̀mí láìyẹ: àwọn obìnrin tó ń dá oògùn tó yẹ kí wọ́n lò dúró. Obìnrin tó ní wárápá lóyún, ni ẹnì kan nínú ẹbí bá ní kó dá oògùn rẹ̀ nù. Kò pẹ́, gìrì gbé e ṣubú lẹ́bàá iná tàbí nínú balùwẹ̀. Ẹnì kan náà ò ní sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Òótọ́ ni pé oògùn wárápá kò dọ́gba. Valproate ló burú jù nínú wọn: nínú ọmọ 10 tí ìyá wọn lò ó nínú oyún, ọ̀kan á ní àbùkù ara, mẹ́ta sí mẹ́rin á ní ìṣòro ọ̀rọ̀ sísọ, ẹ̀kọ́ tàbí ìdàgbàsókè. Nítorí náà ni Bírítéènì ṣe pàṣẹ lọ́dún 2018 pé wọn kò gbọ́dọ̀ kọ ọ́ fún ọmọbìnrin tàbí obìnrin tó lè lóyún àyàfi tó bá wà lábẹ́ ètò tó dájú láti dènà oyún. Lamotrigine àti levetiracetam sàn jù ú lọ fíìfíì. Ìyípadà yẹn gbọ́dọ̀ ti ṣẹlẹ̀ kí oyún tó dé. Bí oyún bá sì ti dé bá valproate, dókítà ni kí ẹ sáré lọ bá. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ ara yín dá a dúró lọ́jọ́ kan. Ẹ̀jẹ̀ aláboyún tún máa ń pọ̀ ní nǹkan bí ìdajì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, lamotrigine sì máa ń tètè jáde lára rẹ̀, nítorí náà ìwọ̀n tó ń tó o tẹ́lẹ̀ lè má tó o mọ́. Lójú ẹlòmíràn, kí wọ́n fi kún oògùn aláboyún á dà bí ìwà wèrè, síbẹ̀ ohun tó tọ́ nìyẹn nígbà mìíràn.

Bẹ́ẹ̀ ni ti ẹ̀jẹ̀ ríru. Lisinopril, ramipril, losartan: oògùn gidi ni wọ́n fún àgbàlagbà, ṣùgbọ́n wọ́n ń ba kíndìnrín ọmọ inú jẹ́. Èyí ò sọ pé kí ẹ jókòó láìlo nǹkan kan. Methyldopa wà, labetalol wà, nifedipine wà, aláboyún sì ti ń lò wọ́n tipẹ́. Ẹ̀jẹ̀ tó ru tí wọn ò tọ́jú lè di gìrì aláboyún, ó lè gbé ìyá àtọmọ lọ lóru ọjọ́ kan.

Fún àwọn tó ń lo oògùn HIV, ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Botswana. Lóṣù karùn-ún ọdún 2018, àwọn onímọ̀ rí i pé nínú ọmọ 426 tí ìyá wọn ń lo dolutegravir nígbà tí oyún dúró, mẹ́rin ní àbùkù ọpọlọ tàbí ògóóró ẹ̀yìn. Ìbẹ̀rù gba ayé kan. Ní àwọn ibi kan, wọ́n yọ oògùn náà kúrò lọ́wọ́ àwọn obìnrin. Ṣùgbọ́n wọn ò dákẹ́ kíka. Bí iye ọmọ tí wọ́n ń kà ṣe ń pọ̀ sí i ni ìyàtọ̀ náà ń kéré. Lọ́dún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí wọ́n máa fún gbogbo èèyàn, títí kan àwọn obìnrin tó lè lóyún. Ìyá tó ń lo oògùn HIV rẹ̀ déédéé ń dáàbò bo ọmọ inú rẹ̀, ó sì lè fún un lọ́mú.

Ẹ̀yin dókítà, nọ́ọ̀sì àti apòògùn, ọ̀rọ̀ yín ò ní gùn. Ẹ bi gbogbo obìnrin tí ọjọ́ orí rẹ̀ bá gba oyún pé, "Ìgbà wo lẹ rí nǹkan oṣù gbẹ̀yìn?" kí ẹ tó kọ nǹkan kan. Ẹ bi í ní kọ̀rọ̀, kì í ṣe níwájú ìyá ọkọ rẹ̀. Ẹ sì yé fi àwọn lẹ́tà A, B, C, D, X tí wọ́n fi ń pín oògùn sí ìpele ewu nínú oyún ṣe òfin. FDA tó dá wọn sílẹ̀ lọ́dún 1979 ti pa wọ́n rẹ́ láti ọdún 2015, nítorí pé àwọn èèyàn ń kà wọ́n bí máàkì ìdánwò: B yege, C fẹ́rẹ̀ẹ́ yege. Kò sí lẹ́tà kan tó lè sọ oṣù oyún, ìwọ̀n oògùn, àti ohun tí àìsàn náà máa ṣe bí a kò bá tọ́jú rẹ̀.

Nígbà tí ọmọ bá délẹ̀, òfin á yí padà. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé oògùn tí a kọ̀ fún aláboyún lè dára fún ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú. Ibuprofen tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bá wí yẹn, ìyá ọlọ́mú lè lò ó. Ìwọ̀nba tó ń wọ inú ọmú kéré gan-an. Paracetamol náà dára. Amoxicillin dára. Ọ̀pọ̀ oògùn ló dára. Ìyà tí wọ́n fi ń jẹ àwọn ìyá ni pé ẹnì kan á kọ oògùn apakòkòrò ọjọ́ méje fún wọn, á wá ní kí wọ́n dá ọmú dúró fún ọjọ́ méje. Ọmú á wú, á dùn, á gbẹ. Wọ́n á sáré ra mílíìkì agolo tí owó rẹ̀ ń gòkè lójoojúmọ́, wọ́n á fi omi tí wọn ò mọ orísun rẹ̀ pò ó, ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ gbuuru. Bí dókítà bá ní kí ẹ dá ọmú dúró, ẹ bi í bóyá òmíràn wà tí kò ní béèrè bẹ́ẹ̀. Ó sábà máa ń wà. Oògùn jẹjẹrẹ àti áyódíìnì onírédíò tí wọ́n fi ń tọ́jú gẹ̀gẹ̀ wà lára ìwọ̀nba tí kò ní àtúnṣe.

Ẹ fọwọ́ mú ọjọ́ orí ọmọ. Ọmọ ọjọ́ mẹ́ta àti ọmọ oṣù mẹ́wàá kì í ṣe ẹgbẹ́. Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín jòjòló kò tíì mọ bí a ṣe ń lé oògùn jáde. Codeine àti tramadol ni kí ìyá ìkókó sá fún jù. Nínú ẹ̀dọ̀ àwọn kan, codeine máa ń yára di morphine, yóò gba inú ọmú dé ọ̀dọ̀ ọmọ, ọmọ á máa sùn ju bó ṣe yẹ, kò ní lè fa ọmú, èémí rẹ̀ á máa lọ sílẹ̀. FDA kìlọ̀ rẹ̀ lọ́dún 2017. Ní Nàìjíríà, ìjọba fòfin de ìṣe àti ìkówọlé omi ikọ́ oní-codeine lóṣù karùn-ún ọdún 2018 nítorí àwọn ọ̀dọ́ tó ń mu ún yó, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ẹ kì í wá a tì. Oògùn kàtá tó ní pseudoephedrine kì í pa ọmọ, ṣùgbọ́n ó lè mú kí omi ọmú dín kù. Bẹ́ẹ̀ ni hóró ìfètò sọ́mọ bíbí tó ní estrogen, pàápàá ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìbí. Ẹ béèrè èyí tí kò ní i.

Septrin nílò ìṣọ́ra nígbà tí ọmọ bá ṣì kéré jọjọ, àgàgà tí ojú rẹ̀ bá pọ́n. Láàárín wa, ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò ní ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ èròjà kan nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní G6PD, àwọn ọkùnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Bí ohun tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò fẹ́ bá kàn wọ́n, ẹ̀jẹ̀ náà á máa fọ́. Ohun kan tó sì sábà máa ń fà á nínú ilé wa kì í ṣe oògùn rárá. Ẹ rántí bí ó ṣe máa ń rí lọ́jọ́ ìkómọ: ìyá àgbà á ṣí àpótí, á kó aṣọ tí ẹ̀gbọ́n ọmọ náà wọ̀ jáde, òórùn káńfọ̀ á gba gbogbo yàrá. Wọ́n á gbọn aṣọ náà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á fi wọ ọmọ tuntun. Tó bá di ọjọ́ kẹta, kẹrin lẹ́yìn náà, ojú ọmọ á pọ́n bí ẹyin adìẹ. Wọ́n á gbé e sí oòrùn àárọ̀, wọ́n á fún un ní omi glúkóòsì, ẹlòmíràn á kán Ampiclox sí i lẹ́nu. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ń wo ibà pọ́njú tó ti le. Ó lè gun ọpọlọ, kí ọmọ di aláàbọ̀ ara tàbí odi. Iná aláwọ̀ búlúù tó wà ní ilé ìwòsàn ló ń tọ́jú rẹ̀, wákàtí sì níye lórí. Aṣọ ọmọ tuntun ò gbọ́dọ̀ bá káńfọ̀ gbé inú àpótí kan náà.

Kí ni mo wá ń bẹ̀bẹ̀ fún? Kò pọn dandan kí gbogbo àdúgbò gbọ́ nípa oyún yín. Ẹ fi ẹnu sún mọ́ etí olóògùn, kí ẹ ní, "Ó ṣeé ṣe kí n lóyún," tàbí "Mò ń fún ọmọ lọ́mú, ọmọ náà ti pé ọ̀sẹ̀ báyìí báyìí." Ẹni tó ń wá ọmọ, tí kò tíì mọ̀ bóyá ó dúró, kó ka ara rẹ̀ mọ́ aláboyún. Ẹ gba oògùn pẹ̀lú páálí rẹ̀ tàbí kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ síwèé fún yín. Ẹ kọ ìdì tí kò lórúkọ, kódà bí olùtajà bá jẹ́ ìbátan. Ilé ìtajà tí kò bá gbà, ẹ kọjá sí òmíràn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ti dá oògùn wárápá, ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ti ìtọ̀ ṣúgà tàbí ti HIV yín dúró nítorí pé ẹ rí i pé ẹ lóyún, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín lórí káàdì. Ẹ kó páálí oògùn náà sínú báàgì lónìí, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ láàárọ̀ ọ̀la.